Ère Tutankhamun àti Orúkọ Mi

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin tíṣà wa, àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì Yorùbá láràárọ̀ Sátidé, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ. Ó lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n mo ti béèrè lọ́wọ́ Mọ́mì mi, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ ère ńlá kan tó wà ní Hyde Park níbí ní Chicago. Ó tún jẹ mọ́ orúkọ mi. Èrò mi ni pé kí àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà má ṣe máa fi ọwọ́ ara wa pa orúkọ wa rẹ́, kí ẹ̀yin òbí wa náà má sì ràn wá lọ́wọ́ láti pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ní oṣù tó kọjá, ilé-ìwé tí mo ń lọ láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè fún mi ní ìwé-ẹ̀rí torí pé mo ṣe dáadáa nínú ìṣirò. Inú mi dùn, mo sáré mú un wálé. Mọ́mì mi gbà á, wọ́n kà á, wọ́n tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bíi pé nǹkan míì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “O kú iṣẹ́. Ta ni Molly?”

Èmi ni Molly. Orúkọ tí Mọ́mì àti Dádì sọ mí ni Oyíndàmọ́lá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, tíṣà kan máa ń dúró tí wọ́n bá ń pe orúkọ wa, tí wọ́n sì dé orí tèmi. Wọ́n á mí kanlẹ̀, gbogbo kíláàsì á sì ti mọ̀ pé èmi ló kàn. Àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan mo kàn nawọ́ sókè, mo ní, “Ẹ lè máa pè mí ní Molly.” Inú “mọ́lá” tó wà níparí orúkọ mi ni mo ti yọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi o. Inú tíṣà yẹn dùn, inú tèmi náà dùn. Láti ìgbà yẹn, Molly ni mí níléèwé, Oyíndàmọ́lá ni mí nílé. Mọ́mì ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n rò pé eré ni.

Mọ́mì ò bínú sí mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Wọ́n kàn fi ìwé-ẹ̀rí náà sára fíríìjì, wọ́n sì padà sídìí ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè. Ìwé-ẹ̀rí tí mo gbà níbí, ní ilé-ìwé Yorùbá, wà nínú férémù lára ògiri pálọ̀. Èyí ò wọ férémù.

Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni ilé-ìwé wa kó wa lọ sí músíọ̀mù tó wà ní Yunifásítì Chicago. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Henry Breasted ló dá iléeṣẹ́ tó ni músíọ̀mù náà sílẹ̀ ní 1919. Oriental Institute ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní 2023, wọ́n yí orúkọ náà padà sí Institute for the Study of Ancient Cultures. Ẹ ò rí nǹkan! Ilé yẹn fúnra rẹ̀ ti pààrọ̀ orúkọ. Mà á padà sórí ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa lọ á rántí akọ màlúù olórí ènìyàn tó ní ìyẹ́, tí a kọ́kọ́ lọ wò. Ilẹ̀ Ìráàkì ni wọ́n ti gbé e wá, láti ààfin ọba kan tó ń jẹ́ Sargon Kejì. Ó ga tó fíìtì 16, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 40. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa ń jà lórí iye ẹsẹ̀ tó ní. Márùn-ún ni o! Tí o bá dúró níwájú, wàá rí méjì. Tí o bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá rí mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ère Tutankhamun ni mi ò lè gbàgbé. Ó dúró ṣánṣán, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú bíi pé ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Fíìtì 17 ni gíga rẹ̀. Òkúta líle kan tí wọ́n ń pè ní quartzite ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ní ohun tó lé ní 3,300 ọdún sẹ́yìn. Ní 1930, àwọn òṣìṣẹ́ Breasted láti Chicago yìí ló wú u jáde nínú ilẹ̀ ní Medinet Habu, nítòsí ìlú Luxor ní Íjíbítì. Ó ti fọ́ nígbà tí wọ́n rí i, ni wọ́n bá tún un ṣe. Ère kejì rẹ̀ wà ní ìlú Cairo.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí màmá àgbà mi ní Ilé-Ifẹ̀. Kí ni màmá fèsì? Wọ́n ní, “Àdùkẹ́ mi, ó dára, ṣùgbọ́n kò ga tó Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn.” Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Nígbà tí mo wò ó, òótọ́ ni! Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta gíga tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára ní Ilé-Ifẹ̀, ga tó fíìtì 18. Ère Mọ́remí tí Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí ní 2016 tún wá ga tó fíìtì 42. Tí Tutankhamun méjì bá gun orí ara wọn, wọn ò tó Mọ́remí. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé àwọn baba wa ò mọ ohun ńlá í ṣe, ẹ ní kó wá bá màmá àgbà mi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Tutankhamun. Obìnrin tó ń mú wa káàkiri ní ká wo ìgbànú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbẹ́ orúkọ sí i lára, nínú ìlà róbótó gígùn kan báyìí, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń kọ orúkọ ọba ní Íjíbítì. Ó bi wá pé orúkọ ta ni a rò pé ó wà níbẹ̀. Gbogbo wa pariwo, “Tutankhamun!” Ó ní rárá. Ó ní Horemheb ni.

Ìtàn rẹ̀ nìyí. Ọmọ bíi ọdún mẹ́sàn-án ni Tutankhamun nígbà tí ó jọba. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ! Kò sì dàgbà, torí bíi ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló ti kú. Ọba kan tó ń jẹ́ Ay jẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gba ère náà. Nígbà tí Ay náà kú, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Horemheb jọba, ó ní kí wọ́n ha orúkọ Ay kúrò, kí wọ́n gbẹ́ tòun sí i. Ère ẹnì kan, orúkọ ẹlòmíì lórí rẹ̀! Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé Tutankhamun ni? Ojú rẹ̀ ni. Horemheb pa orúkọ dà, ṣùgbọ́n ojú yẹn jọ ojú tó wà lára àwọn ère Tutankhamun yòókù.

Kò parí síbẹ̀ o. Nígbà tó yá, ọba míì tó ń jẹ́ Seti ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn ọba ayé àtijọ́ sára ògiri tẹ́ńpìlì kan ní Abydos. Láti orí Amenhotep Kẹta, wọ́n fò lọ sórí Horemheb tààrà. Akhenaten ò sí níbẹ̀, Tutankhamun ò sí níbẹ̀, Ay ò sí níbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ya ojú-ìwé kúrò nínú ìwé. Àwọn ará Íjíbítì sì gbà pé orúkọ ènìyàn jẹ́ ara ènìyàn gan-an. Tí wọ́n bá pa orúkọ rẹ rẹ́, bí ẹni pé wọ́n pa ìwọ náà rẹ́ ni.

Bí obìnrin yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń lọ iléèwé méjèèjì fi ìgúnpá gún mi, ó rọra ní, “Molly!” Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ronú pé ta ni Horemheb nínú ọ̀rọ̀ tèmi? Tíṣà yẹn kọ́. Àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín kọ́. Èmi fúnra mi ni. Èmi ni ère, èmi náà ni mo mú irin, tí mo fi ha orúkọ mi kúrò.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, “Ṣé ó burú kí ènìyàn yí orúkọ padà ni?” Rárá, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló burú. Tutankhamun fúnra rẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yẹn. Tutankhaten ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Orúkọ àwọn ará Íjíbítì ní ìtumọ̀ bíi tiwa, wọ́n sì máa ń fi orúkọ òrìṣà wọn sínú rẹ̀, bí àwa náà ṣe ní Ògún àti Ifá nínú orúkọ. Akhenaten, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni bàbá rẹ̀, ní Aten nìkan lòun fẹ́, ó sì ní kí wọ́n lọ máa ha orúkọ Amun kúrò káàkiri. Nígbà tí Akhenaten kú, ìlú padà sídìí Amun, ni wọ́n bá yí orúkọ ọba kékeré náà sí Tutankhamun.

Mo sọ èyí fún màmá àgbà lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá náà. Wọ́n ní àwọn ìbátan wa kan wà tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ògún, tí wọ́n sọ ọ́ di Olú nígbà tí wọ́n di onígbàgbọ́. Mi ò dá wọn lẹ́jọ́. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Níbí náà, ọ̀nà etí adágún tí gbogbo wa ń gbà, Lake Shore Drive, ní 2021 wọ́n fi orúkọ Jean Baptiste Point DuSable sí i. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni DuSable, òun ni wọ́n sì kà sí ẹni tó dá Chicago sílẹ̀. Ìyípadà rere nìyẹn lójú tèmi, torí wọ́n fi orúkọ tó yẹ kó ti wà níbẹ̀ sí i ni.

Torí náà, ohun tí mò ń béèrè ni pé: kí ni ìdí rẹ̀? Tèmi ò ní ìdí gidi. Mo yí orúkọ mi padà kí tíṣà kan má baà ṣe wàhálà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, àti torí ojú ń tì mí. Ìyẹn ò tó ìdí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Mọ́mì ti sọ fún mi pé kí wọ́n tó bí mi, àwọn àti Dádì la ọ̀pọ̀ wàhálà kọjá. Nígbà tí mo dé, wọ́n ní oyin ti dà mọ́ ọlá àwọn. Gbogbo ìtàn yẹn ló wà nínú orúkọ mi. Kí ló wà nínú Molly? Orúkọ dáadáa ni fún ẹni tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ mí ní Molly. Èmi ni mo sọ ara mi, láàárín ìṣẹ́jú kan, nínú kíláàsì.

Dádì mi ò fara mọ́ gbogbo èrò mi, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ tiwọn náà. Lẹ́nu iṣẹ́ wọn, lẹ́tà méjì péré ni wọ́n ń lò dípò orúkọ wọn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, o ò tíì wáṣẹ́ rí.” Wọ́n wá sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan tẹ̀ jáde ní 2004. Bertrand jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, níbi tí ère yẹn wà gan-an. Wọ́n fi nǹkan bíi ìwé ìwáṣẹ́ 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ní Chicago àti Boston. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ jọra, orúkọ ló yàtọ̀. Àwọn kan ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n mọ̀ mọ́ òyìnbó, bí Emily àti Greg. Àwọn kan ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n mọ̀ mọ́ aláwọ̀ dúdú, bí Lakisha àti Jamal. Emily àti Greg fi nǹkan bíi ìwé 10 ránṣẹ́ kí ẹnì kan tó pè wọ́n. Lakisha àti Jamal fi 15 ránṣẹ́ kí wọ́n tó rí ẹni pè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lọ́kàn jẹ́. Mi ò ní sọ fún àgbàlagbà kankan bó ṣe yẹ kó wáṣẹ́, torí lẹ́tà méjì tí Dádì ń lò yẹn wà lára ohun tó ń bọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló jẹ̀bi níbẹ̀? Ṣé Lakisha ni, àbí ẹni tó ka ìwé rẹ̀ tó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Tí gbogbo wa bá ń fi orúkọ wa pamọ́, nígbà wo ni etí wọn á mọ̀ ọ́n? Àwọn ọmọ tí mo bá wà ní kíláàsì lónìí ló máa di ọ̀gá tó ń ka ìwé ìwáṣẹ́ lọ́la. Tí wọ́n bá ti ń pe Oyíndàmọ́lá láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, kò ní jọ wọ́n lójú mọ́.

Ẹ má sì sọ fún mi pé orúkọ wa gùn jù. Àwọn ọmọ kíláàsì mi lè pe Tutankhamun. Wọ́n lè pe Tyrannosaurus láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n lè pe Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó gba ife NBA pẹ̀lú Milwaukee ní 2021, láìsinmi ahọ́n. Ṣé ẹ mọ̀ pé Adétòkunbọ̀ ni orúkọ yẹn? Ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n ti bí i, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, bí àwọn ará Gíríìsì ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ló sọ Adétòkunbọ̀ di bẹ́ẹ̀. Bíi ti ère yẹn náà ni: wọ́n yí lẹ́tà rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Yorùbá á dá a mọ̀. Ẹni tó bá lè pe Antetokounmpo lè pe orúkọ mi.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tí tíṣà tuntun bá dé orí orúkọ yín tó dúró, ẹ má ṣe sáré fún un ní orúkọ míì. Ẹ pè é fún un díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ òyìnbó tí ẹ ò sọ wá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ sínú fọ́ọ̀mù iléèwé “kó lè rọrùn fún wọn.” Ẹ sọ ìtàn orúkọ wa fún wa, ẹ má dúró dìgbà tí a bá béèrè. Ẹ̀yin tíṣà wa níbí, ẹ jẹ́ ká fi Sátidé kan kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ wa pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n kọ. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n kọ dáadáa títí di oṣù tó kọjá.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ bá tíṣà mi níléèwé, mo sọ fún wọn pé Oyíndàmọ́lá ni mo fẹ́ máa jẹ́. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n ní kí n pè é, wọ́n pè é tẹ̀ lé mi, ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n tó pè é dáadáa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ṣì ń pè mí ní Molly. Ọ̀kan ń pè mí ní Oyin-da-Molly, ìyẹn náà ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí pé Horemheb rò pé òun ti borí. Wọ́n gbàgbé Tutankhamun débi pé òkúta àti ilẹ̀ bo ibi tí wọ́n sin ín sí, kò sì sẹ́ni tó rántí ibẹ̀ mọ́ títí tí Howard Carter fi rí i ní 1922. Ní 1977, wọ́n kó àwọn ìṣúra rẹ̀ wá sí Field Museum níbí. Lónìí, ọmọ kékeré ní Chicago mọ Tutankhamun. Ta ló mọ Horemheb? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní láti wa ilẹ̀ kí orúkọ yẹn tó padà. Tèmi ò nílò kí ẹnikẹ́ni wa ilẹ̀. Ẹnu mi nìkan ni mo nílò.

Tíṣà mi ní àwọn lè tẹ ìwé-ẹ̀rí náà míì. Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Mo mú bírò, mo kọ Oyíndàmọ́lá sókè Molly, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Mi ò fa ìlà sórí Molly, torí òun náà ti ṣẹlẹ̀. Mọ́mì wò ó, wọ́n ní àmì kan ṣì kù. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi í sí i.

Tí ẹ bá rí mi ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ mọ orúkọ tí ẹ máa pè mí.